Omi ṣúgà fún kọ́kítéèlì: kí ló dé tó ń kan kí ọjọ́ ìnáwó tó pé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń po kọ́kítéèlì níbi ìnáwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ilé ni mo sì ti ń se omi ṣúgà tí mò ń lò, èyí tí mo fi atalẹ̀ sí àti èyí tí mo fi ìṣápá sí. Kọ́ọ̀bù ṣúgà kan ni mo ń fi sí kọ́ọ̀bù omi kan. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, ti atalẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ìgò. Ṣé kí n máa sè é pẹ́ sí i ni, àbí oògùn kan wà tí mo lè fi sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò mi. Ẹ kò nílò oògùn kankan. Kì í sì í ṣe pípẹ́ lórí iná ló ń jẹ́ kí omi ṣúgà pẹ́ nílẹ̀, bí kò ṣe bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ ju omi lọ tó. Bí ṣúgà bá pọ̀ dáadáa, á di omi náà mú débi pé ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò tí ojú kò rí kò ní rí èyí tí wọn yóò fi gbèrú. Kọ́ọ̀bù kan sí kọ́ọ̀bù kan kò tó bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé kọ́ọ̀bù ṣúgà kan kò tẹ̀wọ̀n tó kọ́ọ̀bù omi kan.

Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n: kílò ṣúgà 1 sí ìdajì lítà omi, èyí tí yóò fún yín ní lítà kan ó lé díẹ̀. Ẹ máa rò ó lórí iná títí ṣúgà yóò fi yọ́ tán. Bó bá ti hó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa hó lọ, omi rẹ̀ á máa gbẹ, ṣúgà á sì padà dì sí ìsàlẹ̀ ìgò nígbà tó bá tutù. Ìwọ̀n yìí gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpin ohun tí omi tutù lè gbà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kékeré kan sí i nígbà tó bá ń hó, torí kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè dì.

Ọ̀dọ̀ atalẹ̀ ni ìṣòro yín wà. Omi ara atalẹ̀ tútù, omi náà ni. Tí ẹ bá fún un sínú omi ṣúgà tó ti jinná, ẹ ti là á nìyẹn. Ẹ rin atalẹ̀, ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ ó rí nǹkan funfun bí ògì tó silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́. Omi òkè nìkan ni kí ẹ rọra dà, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi ṣúgà tó tẹ̀wọ̀n ní ìlọ́po méjì rẹ̀ sí i kí ẹ tó gbé e kaná. Ìṣápá rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ lo omi pupa náà dípò omi lásán. Ní ti máńgòrò, bó ti pọ̀ tó lọ́dọ̀ wa níbí, èmi kì í fi omi ṣúgà rẹ̀ pamọ́ rárá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìnáwó ni kí ẹ ṣe é.

Ìgò gíláàsì kéékèèké ló dára, kí ẹ má baà máa ṣí ìgò ńlá kan léraléra. Ẹ sè wọ́n nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ rọ omi ṣúgà náà sí wọn ní gbígbóná nígbà tí ìgò ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má baà sán, kí ẹ sì dé e. Bó bá tutù tán, ẹ mi ìgò náà dáadáa: ooru tó di ẹ̀kán omi lábẹ́ ìdérí ló ń bu omi la ojú omi ṣúgà, ibẹ̀ sì ni nǹkan funfun ti máa ń kọ́kọ́ hù. Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú lè lo oṣù mélòó kan nínú fíríìjì, iná tó lọ fún ọjọ́ méjì kò sì ní bà á jẹ́. Ti atalẹ̀ àti ti ìṣápá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ìgò tó bá tú gáàsì nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ dà á nù. Ẹ má tún un sè fún àlejò ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí pé èyí dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tí ẹ ti ń lo mílílítà 30, 20 ti tó.