Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé agbára ogun nìkan ni Róòmù fi gba ilẹ̀ tó gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ní kí ọmọ mi tó wà ní SS2 kọ ìdí tí Róòmù, ìlú kékeré kan, fi di ọba lórí ilẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun wọn ló gbóná jù. Máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni olùkọ́ fún un. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Olùkọ́ yẹn ò jẹ̀bi. Ọmọ ogun Róòmù gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fìdí rẹmi lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún 216 ṣáájú ìbí Kristi (bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọdún tí mo bá dá níhìn-ín), Hannibal, ọ̀gágun Carthage (ìlú ńlá kan ní àríwá Áfríkà tó ń bá Róòmù figagbága), pa wọ́n nípakúpa ní Cannae nílẹ̀ Ítálì. Livy, òpìtàn Róòmù, sọ pé òkú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìlú mìíràn ì bá ti túúbá. Róòmù kò túúbá. Kí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: níbo ni wọ́n ti tún rí ọmọ ogun?

Ọdún 338 ni kó padà sí. Ọdún náà ni Róòmù ṣẹ́gun àwọn ìlú Látìnì tó yí i ká. Kò kó wọn lẹ́rú, kò sì bá gbogbo wọn ṣe àdéhùn kan náà. Ó sọ Aricia àti Lanuvium di ọmọ Róòmù. Ó fún àwọn mìíràn ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú láìsí ìbò. Àwọn bíi Tibur àti Praeneste di alájọṣe: wọ́n ń ṣàkóso ara wọn, kò sí ajẹ́lẹ̀ lórí wọn, wọn kì í san ìṣákọ́lẹ̀. Ọmọ ogun ni Róòmù ń gbà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá sì ṣẹ́gun, àwọn náà ń rí nínú ìkógun.

Ẹ rò ó wò, mà. Alájọṣe tí kì í san owó, tó jẹ́ ènìyàn ló ń mú wá, kò lérè kankan fún Róòmù àfi tí ogun bá wà. Nítorí náà ni ogun kan fi ń bí òmíràn, tí ọmọ ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun lánàá sì ń jà fún wọn lọ́la. Polybius, òpìtàn Gíríìkì, kọ ọ́ pé ní 225, àwọn tó lè gbé ohun ìjà fún Róòmù lé ní 700,000. Hannibal mọ èyí. Ìrètí rẹ̀ ni pé àwọn ìlú Ítálì yóò dalẹ̀. Capua dalẹ̀ lóòótọ́, àwọn kan ní gúúsù náà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìlú Látìnì kò tẹ̀ lé e. Ní 202, ní Zama nílẹ̀ Áfríkà, Hannibal ló fìdí rẹmi.

Kó fi gbólóhùn kan kún un nípa Ọ̀nà Appia, òpópónà tí Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 312 kí ọmọ ogun lè tètè rìn.

Kó má ṣe wá yin Róòmù kọjá ààlà o. Nígbà tí wọ́n gba erékùṣù Sicily, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ní 146, wọ́n pa Carthage àti Corinth, ìlú Gíríìkì kan, run, wọ́n ta àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ́rú. Àwọn alájọṣe Ítálì gan-an gbé ogun dìde ní 91, torí wọ́n ti ń kú fún Róòmù tipẹ́ láìjẹ́ ọmọ Róòmù. Ogun yẹn le débi pé Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà kó tó parí.

Ti Julius Caesar, kó fi sílẹ̀, bó ti wù kó wù ú tó. Kí wọ́n tó bí i ni Róòmù ti gba Carthage àti ilẹ̀ Gíríìkì.