Síló CBR tó ń kú: má tíì ra fáàfù tuntun

Àbúrò wa kan ní Owódé, Ọ̀yọ́, béèrè pé alùpùpù Honda CBR250R tòkunbọ̀ tí òun ń gùn máa ń kú bí òun bá ti yọwọ́ ní throttle, ibi tí a ń lọ́ kí máṣínì lè sáré, pàápàá tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Láàárọ̀ kì í ṣe é. Mẹkáníìkì ní fáàfù síló, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú tí a bá ti yọwọ́ ní throttle, ló bàjẹ́, pé kó lọ wá owó tí yóò fi ra tuntun. Àbúrò mi, di owó ọwọ́ rẹ mú ná.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún irú máṣínì bẹ́ẹ̀ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Èyí tí wọ́n gbé wá bá mi pé fáàfù síló ló bàjẹ́ pọ̀ gan-an ju èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́ lọ.

Bí o bá yọwọ́, ìdérí inú throttle body, ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, á pa dé. Atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì á wá máa fi mí ń gba ihò tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, ẹnu ihò yẹn sì ni fáàfù síló jókòó sí. Mọ́tò kékeré kan ló ń tì í wọlé, tó ń fà á jáde, brain box, kọ̀ǹpútà kékeré inú máṣínì, ló ń pàṣẹ fún un. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á ṣí ihò náà dáadáa kí síló lè ga díẹ̀. Bó ṣe ń gbóná, á máa dé e títí síló yóò fi balẹ̀ sí nǹkan bíi 1,400 ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan, lójú mítà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni síkúrù. Púpọ̀ nínú Bajaj àti TVS tó kún ìgboro wa, kábúrétọ̀ ni wọ́n ń lò. Síló wọn ò dúró? Wọ́n á yí síkúrù, ó parí. Ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ́ ọn. Bí CBR bá wá dé iwájú wọn, wọ́n á wá síkúrù tó jọ ọ́ lára throttle body, wọ́n á yí i. Síkúrù tí wọ́n fi ọ̀dà funfun sé lórí yẹn kì í ṣe ti síló rárá. Ilé iṣẹ́ ló wọ̀n ọ́n kí ìdérí lè mọ ibi tó yẹ kó dúró. Tí wọ́n bá fi lè yí i, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo throttle á máa ròyìn tí kì í ṣe òótọ́ fún brain box, fáàfù tuntun ò sì ní rí nǹkan kan ṣe sí i. Nítorí náà, yẹ ọ̀dà yẹn wò kí o tó ṣe ohunkóhun. Bó bá ti fọ́, ẹnì kan ti débẹ̀ ṣáájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí kọ́kọ́rọ́, má sítáàtì. Fetí sí ẹ̀gbẹ́ throttle body. Fáàfù tó ń ṣiṣẹ́ á kùn díẹ̀, á dákẹ́. Wo iná FI náà, iná kékeré ojú mítà tó ń sọ fún wa pé nǹkan bàjẹ́. Bó bá ṣẹ́jú gígùn méjì, tó tún ṣẹ́jú kúkúrú mẹ́sàn-án, 29 nìyẹn, nọ́ńbà tí Honda fún fáàfù síló. Àmọ́ wáyà tàbí kọnẹ́kítọ̀ tó ti dípẹtà lè mú kó sọ bẹ́ẹ̀. Bí iná ò bá sì ṣẹ́jú, ìyẹn ò dá fáàfù láre: iná tó ń lọ nínú wáyà ni brain box ń ṣọ́, kò mọ̀ bí ìdọ̀tí bá há fáàfù lọ́nà. Yọ kọnẹ́kítọ̀ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, fi mítà tí àwọn oníná ń lò wọ̀n ọ́n. Láàárín 110 sí 150 ohm, ìwọ̀n bí wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dènà iná, ló yẹ kó wà.

Máṣínì kan wá láti Ìkòyí-Ilé. Wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, síló ṣì ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé e sí síló, mo fọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí rọ́bà tó so throttle body mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Ohùn rẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà náà ti sán nísàlẹ̀, níbi tí ojú ò dé. Mo fi ìka dí ibẹ̀, síló balẹ̀. Mo yọ ìka, ó tún gbéra. Rọ́bà ni gbogbo wàhálà ọ̀hún. Àwọn kan máa ń fọ́n epo tàbí kẹ́míkà dípò omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàláńsà tó gbóná, iná lè ràn.

Tìẹ tó jẹ́ pé ó ń gbóná kó tó máa kú, tápẹ́ẹ̀tì, àyè kékeré orí fáàfù ẹ́ńjìnnì, ni ọkàn mi lọ sí jù. Bí àyè náà bá fún jù, ẹnu fáàfù ẹ́ńjìnnì kì í pa dé dáadáa mọ́ tí irin bá ti gbóná, agbára á sì máa jò lọ. Jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Yẹ bátìrì náà wò.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, tú fáàfù síló. Lásìkò ọyẹ́, tí fíltà bá ti ya, erukutu á dà pọ̀ mọ́ òógùn ọ́ìlì, á di ẹrẹ̀ dúdú sí ẹnu ihò yẹn. Aṣọ rírọ̀ ni kí o fi nù ún. Má fọ́n kẹ́míkà sínú throttle body, Honda kun inú rẹ̀ ní nǹkan tí kẹ́míkà máa ń bó. Kí o tó dá a padà, yí orí fáàfù náà sí ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi jókòó jẹ́jẹ́, má fún un. Ojú kòtò ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá píìnì inú throttle body mu. Bí kò bá bá a mu, wàá ṣẹ́ ẹ.

Nígbà tó bá wà níta, so kọnẹ́kítọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, kí o ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí orí rẹ̀ ò bá mira, tí wáyà sì dáa, tàbí tí ohm rẹ̀ ò sí láàárín èyí tí mo sọ, ìgbà yẹn ni kí o ra òmíràn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ bí ọ̀dà orí síkúrù yẹn ṣe rí, àti bí iná FI ṣe ṣẹ́jú.