Èsì: Ta ni ká dá lẹ́bi owó iná yìí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní 10,000 náírà iná kì í tó yín lò lọ́sẹ̀ mọ́, ẹ wá bi wá pé ta ló jẹ̀bi, àwọn tó ń ta iná ni àbí ìjọba. Èmi ò yọ ẹnì kankan nínú wọn o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Kó tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan ò ju nǹkan bíi 68 náírà lọ. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé e dé 225 fún àwa tá a wà ní Band A, ìyẹn àwa tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, wọ́n wá dín in díẹ̀. Ní 209.50 tó dé lóṣù keje ọdún 2024, tẹ́ ẹ bá ro VAT mọ́ ọn, 10,000 yín ò ju yúníìtì 44 lọ. Tẹ́lẹ̀, ó ń lé ní 130!

Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé gáàsì tó ń gbé iná jáde, náírà sì ti já wálẹ̀ láti 2023. Ìjọba wá yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí Band A. Ìjọba kan náà ṣì ní ìpín nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, ìyẹn ni ariwo tí ìjọba àtàwọn ilé-iṣẹ́ náà ń pa mọ́ra wọn ò ṣe yé mi.

Ẹ máa kọ wákàtí tí iná fi wà sílẹ̀. Tí kò bá pé wákàtí 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ méje léraléra, òfin ní kí wọ́n já láìnì yín wálẹ̀ kúrò ní Band A. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí NERC, tàbí sí àjọ ìpínlẹ̀ yín tó bá ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ NERC.