Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ètò iṣẹ́ òòjọ́ fún rófà ní pápá ìdánwò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. A ti ṣe rófà kékeré kan, ọkọ̀ róbọ́ọ̀tì tó ní kámẹ́rà àti apá. A fẹ́ gbé e lọ sí pápá fún ọjọ́ márùn-ún bí ẹni pé plánẹ́ẹ̀tì Máàsì ló wà. Báwo ni a ó ṣe pín iṣẹ́ ọjọ́ kan?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètò yín, kì í ṣe àárọ̀. Ẹ kọ aago tí dátà ọjọ́ náà yóò wọlé kẹ́yìn sílẹ̀, kí ẹ wá bi ara yín pé: kí ni àwọn tó máa ṣètò ọ̀la gbọ́dọ̀ fojú rí kí wọ́n tó lè ṣe ohunkóhun? Ẹ pe ìyẹn ní dátà ìpinnu. Òun ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú gbogbo yòókù wọlé.

Ìdí ni pé kò sí ẹni tó ń wa rófà Máàsì bí ẹní wa mọ́tò. Àmì rédíò máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 22 kó tó débẹ̀, bí plánẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó. Nítorí náà, àṣẹ odindi ọjọ́ ni wọ́n ń dì pọ̀ ránṣẹ́, tí rófà yóò sì dá ṣe é. Bí àwòrán ibi tó dúró sí kò bá tíì wọlé, ẹ ò lè na apá rẹ̀ sí òkúta kankan lọ́la, ẹ ò sì lè ní kó rìn.

Ọjọ́ kan lè rí báyìí. Aago 9 àárọ̀, àṣẹ wọlé. 9:30 sí 11:30, apá àti kámẹ́rà ṣiṣẹ́ lórí òkúta tí ẹ yàn lánàá, apá sì padà sí àyè rẹ̀. 11:30 sí 1:00, rófà rìn. 1:00 sí 1:45, ó ya iwájú rẹ̀, ó ya abẹ́ rẹ̀, ó ya àyíká rẹ̀. Aago 3, dátà ìpinnu jáde. Àwòrán òkè tó jìnnà àti wíwọn ojú ọjọ́ lè wá lẹ́yìn ìyẹn, nítorí dátà tiwọn lè dúró dọ̀la. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún àkókò sílẹ̀ lófo. Iṣẹ́ apá kì í sábà tán lásìkò tí a dá fún un.

Iṣẹ́ òkúta ń ṣíwájú ìrìn nítorí pé bí rófà bá ti kúrò, pípadà síbẹ̀ lè jẹ odindi ọjọ́ kan. Ẹ kọ ọ́ sínú àṣẹ pé bí apá kò bá padà sí àyè rẹ̀ dáadáa, kí ìrìn má wáyé. Ṣùgbọ́n kí àwòrán ìparí má ṣe sinmi lórí ìrìn: ó rìn o, kò rìn o, kó ya ibi tó wà. Ibí yìí gan-an ni ètò ti ń já. Rófà á dúró sí agbedeméjì ọ̀nà, gbogbo àṣẹ tó tẹ̀ lé ìrìn á di èyí tí a fagi lé, ilẹ̀ á mọ́ láìsí àwòrán kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Àwòrán gbogbo àyíká tí a ní kí rófà yà lọ́jọ́ kìíní kò wọlé tán. Kí la ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní kámẹ́rà yín ń rí dígírì 16 lẹ́ẹ̀kan, bíi Pancam, kámẹ́rà orí Spirit àti Opportunity, rófà méjì tí NASA rán lọ sí Máàsì, tí fọ́tò kan sì jẹ́ píksẹ́lì (ẹyọ àmì tíńtín tó para pọ̀ di fọ́tò) 1024 sí 1024. Kí fọ́tò lè so pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun èkejì. Ẹ fi dígírì 4 sílẹ̀ fún ìyẹn, ó ku 12. Ẹ pín 360 sí 12, ó di fọ́tò 30. Ìlà kan ṣoṣo nìyẹn. Láti ilẹ̀ dé ojú sánmà lè gba ìlà 3: fọ́tò 90. Ojú kámẹ́rà méjì ló ń jẹ́ ká mọ bí òkúta ṣe jìnnà sí: ó di 180. Bí ẹ bá fún fọ́tò pọ̀ kó lè kéré, títí dé bíìtì 1 (ẹyọ dátà tó kéré jù) fún píksẹ́lì kan, fọ́tò kọ̀ọ̀kan á tó mẹ́gábíìtì 1, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù kan bíìtì. Mẹ́gábíìtì 180 lẹ béèrè nìyẹn. Bí àyè tí ẹ ní láti fi dátà ránṣẹ́ kò bá ju 100 lọ, 80 kò ríbi gbà.

Kámẹ́rà tó ń rí dígírì 45 yóò yí ká pẹ̀lú fọ́tò 10, ojú méjì jẹ́ 20, mẹ́gábíìtì 20 péré. Ìyẹn tó fún ìpinnu. Ẹ wá fi kámẹ́rà tó ń rí fínnífínní ya igun kan tó nítumọ̀, fọ́tò 5 tàbí 6. Kí rófà sì kọ́kọ́ fi ẹ̀dà pínníṣín fọ́tò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, píksẹ́lì 64 sí 64. Ẹ ó fi mọ èyí tó yẹ kó wọlé ṣáájú.

Ẹ má gbàgbé òjìji. Bí òòrùn bá wà lẹ́yìn rófà, òjìji òpó kámẹ́rà lè bọ́ sórí òkúta tí ẹ fẹ́ wò gan-an: ìdajì rẹ̀ á mọ́lẹ̀ yòò, ìdajì á ṣókùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní ṣeé fi wéra mọ́. Ẹ ṣírò ibi tí òòrùn máa wà kí ẹ tó fi aago sí fọ́tò.

Ìbéèrè: Rófà wa ní òun rin mítà 20, àwòrán fi hàn pé 13 ni. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Àwòrán. Iye ìgbà tí táyà yí ni rófà ń kà, táyà sì lè yí nínú iyanrìn láìsún síwájú. Ẹ ní kó dúró ní mítà 5 kọ̀ọ̀kan, kó ya fọ́tò, kó fi wé ti ìṣáájú. Bí táyà bá ní 5 tí fọ́tò ní 3, kó dá ìrìn dúró fúnra rẹ̀. Ó ń jẹ àkókò, ṣùgbọ́n ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, táyà Opportunity ń yí nínú iyanrìn lójú kan náà títí wọ́n fi rì wọlé, ó sì ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí àwọn olùṣètò má rí pápá? Ọ̀kan nínú wa mọ ibẹ̀ dáadáa.

Ìdáhùn: Dandan ni. Kí ẹni yẹn wà lọ́dọ̀ rófà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùṣètò má kọjá ti ààbò àti bátìrì. Fọ́tò sátẹ́láìtì nìkan ni kí ẹ fún wọn. Òun náà á máa ya máàpù tirẹ̀, á máa wọn òkúta lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún ni ẹ ó gbé méjèèjì síra: òkúta wo ni wọ́n fò? Èwo ni wọ́n rò pé ó tóbi tí kò tóbi? Èsì ìdánwò yín gan-an nìyẹn, ẹni kan tó bá sì ti tú àṣírí pápá ti bà á jẹ́.

Rófà gan-an kò pọn dandan tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Mars 2020, iṣẹ́ NASA tó gbé rófà Perseverance lọ sí Máàsì, ṣe ìdánrawò tiwọn ní aṣálẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, èèyàn tó gbé kámẹ́rà ló dúró bíi rófà. Bí tiyín bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí ẹnì kan gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé àṣẹ bó ṣe wà, kó má fi ìmọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ìbéèrè: Ṣé ká máa fi aago Máàsì ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Fún ọjọ́ márùn-ún, rárá. Ọjọ́ Máàsì kan jẹ́ wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Aago yín á fi wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ yẹ̀, oorun yín á sì bàjẹ́ láìsí èrè. Ẹ di wákàtí ìpàdé mú ṣinṣin dípò rẹ̀: bí ẹ bá fún ara yín ní wákàtí mẹ́rin láti ìgbà tí dátà wọlé títí àṣẹ fi jáde, kí àṣẹ tó wà nílẹ̀ nígbà tó bá pé jáde, kódà bí àríyànjiyàn lórí òkúta kan kò bá tíì tán.