Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Ṣé lóòótọ́ ni Ken Russell ń fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé. Òyìnbó àgbàlagbà kan níbi iṣẹ́ wa ló ń sọ fún mi nípa dáírẹ́kítọ̀ kan tó ń jẹ́ Ken Russell, ó ní fíìmù ẹ̀ kan, The Devils, le débi pé ilé iṣẹ́ tó ni ín gan-an gé e, wọ́n sì kó èyí tí wọ́n gé pa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀tá Ọlọ́run ni bàbá yìí ni? Kátólíìkì lèmi o, mi ò fẹ́ wo nǹkan tí màá tún máa lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ fún fádà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Kátólíìkì ni bàbá yẹn náà, kì í ṣe pé wọ́n bí i sínú ẹ̀ o, ó ti dàgbà tán kó tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé, o sì mọ àwọn tó bá fẹsẹ̀ ara wọn wọ ẹ̀sìn, wọn kì í fi ṣeré.

Southampton ni wọ́n bí i sí ní 1927, bàbá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà, ìyá ẹ̀ ló máa ń mú un lọ sí sinimá. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú, ó kọ́ ijó ballet, ijó ò gbè é, ló bá gbé kámẹ́rà, ó ń ya fọ́tò kiri. 1959 ni BBC gbà á sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Monitor, ibẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Huw Wheldon. Nígbà tí Ken fẹ́ ṣe fíìmù nípa Elgar, ìyẹn ògbóǹtarìgì tó kọ orin fáwọn Gẹ̀ẹ́sì, Wheldon ní kò burú, àmọ́ òṣèré kankan ò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Èmi ì bá ti bínú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tí Ken ṣe sí i: ọmọkùnrin kékeré kan lórí ẹṣin funfun, ó ń sáré lọ lórí òkè Malvern, kò sọ nǹkan kan, orin Elgar nìkan ló ń dún, ká tó wí ká tó fọ̀ omi ti ń bọ́ lójú ẹ. 1962 nìyẹn. Lójú tèmi kò ṣe èyí tó dáa jù ú lọ mọ́, ìgbà tẹ́nì kan ń di okùn ẹ̀ mú ló mọ iṣẹ́ jù.

Ó já okùn náà ṣá. Ní 1970 ó ṣe fíìmù lórí Richard Strauss, olórin ará Jámánì, ó fi í hàn bí ọ̀rẹ́ àwọn Násì, BBC gbé e sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ni àwọn ẹbí Strauss bá ní wọn ò gbọdọ̀ lo orin ẹ̀ mọ́, fíìmù yẹn wà ní títì pa títí ẹ̀tọ́ wọn lórí orin náà fi parí ní 2019.

Ti The Devils wá ńkọ́? 1971 ló jáde, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sì ni. Ní ìlú Loudun ní Faransé, wọ́n dáná sun fádà kan láàyè ní 1634, Urbain Grandier, wọ́n ní ó fi ẹ̀mí èṣù ránṣẹ́ sáwọn sístà ilé kọ́ńfẹ́ǹtì. Kádínà Richelieu, tó ń bá ọba Faransé darí ìjọba, sì fẹ́ wó odi ìlú náà, Grandier ní wọn ò ní wó o, o ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ìlú inú fíìmù yẹn funfun báláú, bíríkì funfun bíi ti ilé ìwẹ̀, Derek Jarman ló ṣe é. Ibi táwọn sístà ti ya wèrè lórí ère Jésù lára àgbélébùú ni wọ́n gé dànù, 2002 ni Mark Kermode, òyìnbó kan tó máa ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù, tó ṣàwárí ẹ̀. Alexander Walker ti ìwé ìròyìn Evening Standard bu fíìmù náà débi pé, nígbà tí wọ́n pàdé lórí tẹlifíṣọ̀n, Ken ká ìwé ìròyìn ọ̀hún, ó sì fi gbá a lórí níṣojú gbogbo ayé! Mo mọ̀ pé kò dáa, mo ṣáà rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń fi orúkọ Ọlọ́run ṣe òṣèlú ni fíìmù yẹn ń bá wí, kì í ṣe Ọlọ́run. Àmọ́ ariwo ẹ̀ pọ̀, má bá ìyá ẹ wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé òun náà ni bàbá onírun funfun tó wọ Big Brother ìlú òyìnbó ní 2007? Kí ló gbé e débẹ̀? (Láti Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Òun ni. Òun àti Jade Goody, obìnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú ilé náà, jà, kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi jáde. Ẹni tí òṣèré Glenda Jackson tipasẹ̀ fíìmù ẹ̀ gba Oscar o, ẹni tó da ẹ̀wà agolo lé òṣèré Ann-Margret lórí nínú fíìmù Tommy ní 1975 (ẹ̀wà tá à bá fi jẹ gàrí), tí wọ́n sì tún yan obìnrin náà fún Oscar. Ṣùgbọ́n ó lè jà jù. Lórí fíìmù ẹ̀ Altered States ní 1980, òun àti Paddy Chayefsky tó kọ ìtàn náà ò gbọ́ra wọn yé, ìyẹn bá yọ orúkọ ara ẹ̀ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ làwọn olówó sá fún un. Nígbà tó yá, ilé ara ẹ̀ ló ti ń ya fíìmù, owó àpò ẹ̀ ló fi ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí tó fi kú ní oṣù kọkànlá 2011 lẹ́ni ọdún 84. Tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Elgar ni kó o kọ́kọ́ wò.