Fóònù Ní Òjò Á Rọ̀, Òjò Ò Rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù mi ní 60% pé òjò á rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo bá gbin àgbàdo éékà kan. Omi ò kán. Wọ́n ní kí n pa fóònù tì, kí n máa wo ojú sánmà bíi ti àwọn bàbá wa. Kí lẹ rí sí i? (Àgbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o. Ti àgbàdo ná. Hóró inú ilẹ̀ gbígbẹ kì í tètè kú. Àparò àti èèrà ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ hú bíi mẹ́wàá wò níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá ṣì le gbagidi, ẹ dá a padà. Bó bá ti ń hù, tí ẹ̀hù rẹ̀ gbẹ, àtúngbìn ni.

Fóònù yín ò purọ́. 60% túmọ̀ sí pé bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá wáyé nígbà mẹ́wàá, òjò á rọ̀ ní bíi mẹ́fà. Tiyín bọ́ sínú mẹ́rin tó kù. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Dietvorst, Simmons àti Massey, ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tó bá ti rí àṣìṣe kọ̀ǹpútà máa ń sá fún un, bí àṣìṣe ti èèyàn tilẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Àwọn bàbá wa náà ń ṣì í, a kàn ń dárí jì wọ́n ni.

Ẹ dán an wò fún ọgbọ̀n ọjọ́. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó tan fóònù, ẹ wo sánmà, kẹ́ ẹ kọ iye tẹ́ ẹ fún òjò nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ kọ ti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wo fóònù, ojú yín á máa rí ṣíṣú tí fóònù sọ. Lálẹ́, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, ẹ wo èyí tó sún mọ́ òótọ́ jù nínú méjèèjì.

Ní ti gbígbìn, ẹ má gbin sórí ìlérí. Ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba síta gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé. Bí omi inú rẹ̀ bá tó mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá bi fóònù nípa ọjọ́ márùn-ún tó ń bọ̀. Ohun tó bá sọ nípa ọ̀sẹ̀ méjì síwájú, ẹ má fi ṣe nǹkan kan.

Ìbéèrè: Áàpù kan ní 30%, èkejì ní 70%. Èwo ni ká gbà? (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ pín in sí àárín: 50%. Bí wọ́n bá sì fẹnu kò, ẹ má tíì yọ̀. Ó lè jẹ́ ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń mú un.