Ẹlẹ́rìí Yín Wà ní Houston

Ojú ewé mẹ́rin ni Bàbá Ìbejì kọ sí mi láti Dallas. Mo gé e kúrú:

"Àǹtí, lọ́tìrì ló gbé mi dé Amẹ́ríkà. Mo wọṣẹ́ ṣọ́jà wọn ní 2005, mo kúrò ní 2009. Awakọ̀ ni mí, láti Balad ní Ìráàkì la ti ń kó ẹrù. Ní 2007, bọ́ǹbù bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa. Ọ̀gá wa ní ká gbé oògùn ara ríro mì, ká máa wakọ̀ lọ. Látìgbà náà ni etí mi ọ̀tún ti ń hó. Lórí DD 214 mi, ìwé tí wọ́n fún mi nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé mo dé Ìráàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí Combat Action Badge, báàjì ẹni tí ọ̀tá kọlù lójú ogun, níbẹ̀. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní fáìlì mi ti jóná nínú iná tó jó ilé tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ológun sí ní St. Louis, àmọ́ òun á bá mi tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 1,800 dọ́là. Pásítọ̀ wa ti kọ lẹ́tà fún mi, ẹ̀dà rẹ̀ nìyí. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan, àfi ọmọ Ìjẹ̀bú kan tá a jọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Houston ló ń gbé, ṣùgbọ́n a ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti 2014 nítorí ọ̀rọ̀ owó àjọ. Ṣé kí n san 1,800 náà? Àbí ó ti pẹ́ jù?"

Ẹ má san kọ́bọ̀. Oṣù keje ọdún 1973 ni iná St. Louis jó. Ìwé àwọn ṣọ́jà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 1912 sí 1960 ló jó jù níbẹ̀, pẹ̀lú apá kan lára ti àwọn ológun òfurufú. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti bí yín lọ́dún náà, ẹ ṣì ń rá kòrò ni. Ìwé tí wọn ò tíì kọ, báwo ló ṣe jóná? Fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ yín ṣe, DD 149 lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ wà ní county yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa ran ajagunfẹ̀yìntì lọ́wọ́, kì í gbowó. Ní ti pípẹ́, ọdún mẹ́ta ni òfin fún yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ rí àṣìṣe náà, ìgbìmọ̀ tó ń tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe sì lè mójú kúrò níbẹ̀ bí wọ́n bá rí i pé ohun tẹ́ ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún tọ́ sí yín. Ẹ ṣàlàyé ohun tó fà á tẹ́ ẹ fi pẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bi mí tán.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

"Àfi ọmọ Ìjẹ̀bú kan."

Àfi kẹ̀! Bọ́ǹbù gba ojú ewé kan àbọ̀. Ẹni orí WhatsApp gba odindi ojú ewé kan. Ọkùnrin tẹ́ ẹ jọ jókòó nínú ọkọ̀ tí ikú ti fẹ́ bá yín, ìlà kan péré ló rí gbà, ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹ sì ń pariwo pé ẹ ò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìlà yẹn. "Nítorí ọ̀rọ̀ owó àjọ." Ẹ ò sọ ẹni tó jẹ ẹnì kan. Mo ti ń ka lẹ́tà àwọn èèyàn tipẹ́, ẹni tí wọ́n jẹ lówó kì í gbàgbé láti sọ ọ́. Á dárúkọ iye rẹ̀, á sọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, á sọ irú bùbá tí onígbèsè wọ̀ wá. Ẹni tó bá ti ń pè é ní "ọ̀rọ̀ owó" tó wá sáré kọjá, òun gan-an ni ajigbèsè. Ẹ̀yin lẹ kó àjọ lọ́wọ́ kìíní, ẹ̀yin náà lẹ ò dá a mọ́, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe òun ló dúró fún yín lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Bí mo bá purọ́ mọ́ yín, ẹ kọ̀wé padà, ibí yìí náà ni màá ti tọrọ àforíjì. Mi ò rò pé lẹ́tà yẹn ń bọ̀.

Ẹ má bínú pé mò ń kanra. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ja ogun Biafra láti 1967 títí tó fi parí ní oṣù kìíní 1970. Lọ́dún tí wọ́n ní kí àwọn tó jagun wá fìwé hàn, èmi ni mo mú wọn lọ. Inú agolo bisikíìtì ni wọ́n kó ìwé wọn sí, ó ti gbó débi pé gbogbo ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ po ti já, a ń tò ó pọ̀ lórí itan wọn bí àwo tó fọ́. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ la ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní kí ẹni tí ìwé rẹ̀ ò bá pé mú ẹnì kan tí wọ́n jọ jagun wá. Bàbá ní àwọn ò ní ẹnì kankan. Bàbá kan sì wà lórí àga kẹta sí tiwa tí wọ́n kẹ̀yìn sí wa látàárọ̀, wọn ò yíjú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó kàn wọ́n, àwọn náà ní àwọn ò ní ẹnì kankan. Ìgbà tá a délé ni mo tó gbọ́ pé inú kòtò kan náà làwọn méjèèjì sùn sí lójú ogun, ààlà ilẹ̀ ló wá dá wọn sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan náà la jọ wọ̀ padà wálé, agolo lórí ẹsẹ̀ tiwa, àpò ìwé lórí ẹsẹ̀ tiwọn. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan gbà.

Ìgbìmọ̀ tó ń tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe ní Amẹ́ríkà, aráàlú lásán ni wọ́n, èèyàn mẹ́ta ló máa jókòó lé ọ̀rọ̀ yín. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣèwádìí. Wọ́n ti gbà kẹ́ ẹ tó débẹ̀ pé ohun tí ìjọba kọ tọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà pásítọ̀ ńkọ́? Mo kà á. Ó ní 2012 lòun mọ̀ yín, ẹ kì í pẹ́ dé ìsọjí, ẹ sì ń tọ́jú ìbejì yín dáadáa. Kí ló rí ní Balad ní 2007? Ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ẹni tó wà níbẹ̀ ni kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ wo ni? Ojú ọ̀nà wo? Ta ló di sítíárìn mú? Ọwọ́ ibo ni bọ́ǹbù ti bú? Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀ tó pè yín, ṣé ẹ dáhùn, àbí ẹ kàn ń wo ẹnu rẹ̀? Kó fọwọ́ sí i, kó fi DD 214 tiẹ̀ tì í, kí wọ́n rí i pé òun náà wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn ológun ní Fort Knox tó ń bójú tó oyè àti báàjì lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí wọ́n bá kọ̀ lẹ tó lọ bá ìgbìmọ̀. Báàjì náà sì wúlò ju irin àyà lọ. 2005 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀tá kọlù, bíi tẹ̀yin awakọ̀. Tó bá wà lórí ìwé yín, VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, á tètè gbà pé ojú ogun ni etí yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ ò gbọdọ̀ lọ bá a pẹ̀lú owó lọ́wọ́ ọ̀tún, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀rí tí wọ́n fowó rà ò ní láárí, fọ́ọ̀mù yẹn fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé irọ́ lè sọni sẹ́wọ̀n. Gbèsè lẹ ń lọ san. Wákàtí mẹ́rin ni Dallas sí Houston, awakọ̀ sì ni yín. Ẹ mú 1,800 tẹ́ ẹ fẹ́ fi ta onígbájú-ẹ̀ lọ́rẹ, ẹ kó o lé e lọ́wọ́. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san ìyókù. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ bẹ ìyàwó rẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun ló gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo àwọn alájọ. Kẹ́ ẹ wá padà sílé láìmẹ́nu kan DD kankan. Bó bá lé yín, ó lé yín nìyẹn, gbèsè ṣáà ti di sísan.

Ọ̀rọ̀ ìwé lè dúró dọjọ́ mìíràn. Bọ́jọ́ náà bá pé, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá báàjì wà lórí tiẹ̀. Bọ́ǹbù kan náà ni, ọ̀gá kan náà, oògùn kan náà. Tí wọ́n bá gbàgbé yín, ṣé ẹ rò pé wọ́n rántí òun ni? Ó lè jẹ́ pé etí òun náà ń hó ní Houston, kó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ lálaalẹ́ pé òun ò ní ẹlẹ́rìí kankan, àfi ọkùnrin kan ní Dallas tó kó àjọ òun jẹ.